Teduglutide fún àwọn tó ń gba oúnjẹ sí iṣan

Teduglutide ni oògùn tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún aláìsàn tí ìfun rẹ̀ kúrú débi pé inú dírípù ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé. Ìfun kékeré àgbàlagbà máa ń gùn tó nǹkan bíi mítà 6. Bí èyí tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò bá tó mítà 2, ara lè má rí omi àti èròjà oúnjẹ fà tó mọ́, bó ti wù kí ènìyàn jẹ àmàlà tó.

Ìfun tó lọ́ mọ́ra, ìpá tó há, tàbí ibà jẹ̀funjẹ̀fun tó dá ihò sí ìfun lè mú kí wọ́n gé púpọ̀ dànù. Àwọn àìsàn wọ̀nyí kò ṣàjèjì ní Òṣogbo. Dírípù oúnjẹ sábà máa ń gba wákàtí 10 sí 14, òru ni wọ́n sì máa ń fà á. Inú fíríìjì ni àpò rẹ̀ ń gbé, bẹ́ẹ̀ iná ń lọ, ó ń bọ̀. Fún ẹni tó ń tajà ní Ìgbọ̀nà, tó gbọ́dọ̀ jí ní kùtùkùtù, òru kan ṣoṣo láìsí okùn lára kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Ìfun fúnra rẹ̀ ló ń pèsè họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní GLP-2 lẹ́yìn oúnjẹ, àmọ́ ìṣẹ́jú bíi 7 ló fi ń dín sí ìdajì. Ọ̀kan péré ni wọ́n yí padà nínú èròjà 33 tó para pọ̀ di í, ìyẹn ló sọ ọ́ di teduglutide, tó ń tó wákàtí 2 kó tó dín sí ìdajì. Ó ń mú kí àwọn irun wẹ́wẹ́ inú ìfun gùn sí i, kí wọ́n lè fa omi àti oúnjẹ dáadáa.

Ọdún 2012 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Nínú ìwádìí STEPS, tó gba ọ̀sẹ̀ 24, dírípù dín kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, fún 27 nínú aláìsàn 43 tó gba oògùn náà, àti fún 13 nínú 43 tí wọn kò fún. Nínú ìwádìí tó tẹ̀lé e, wọ́n fi oògùn náà tọ́jú aláìsàn 88 fún ọdún 2. Àwọn 13 nínú wọn bọ́ lọ́wọ́ dírípù pátápátá.

Ohun tó ń mú irun ìfun dàgbà lè mú kókó inú ìfun dàgbà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ìfun ńlá wò, kí wọ́n sì tún un wò lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ inú ìfun kò gbọdọ̀ gbà á. Dókítà sì gbọ́dọ̀ máa dín dírípù kù bí ìfun ṣe ń lágbára, kí omi má baà kún ara, kí ó sì di wàhálà fún ọkàn.

Bí wọ́n bá dá a dúró, agbára tuntun inú ìfun lè rẹ̀yìn, aláìsàn sì lè padà sídìí dírípù. Ọ̀wọ́n gógó sì ni oògùn yìí. Kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé ló yẹ kí ẹbí àti dókítà ti jọ jókòó sọ iye ọdún tí wọ́n lè fi máa rà á.