Mo kọ ọ̀rọ̀ sínú StringIO, àmọ́ nígbà tí mo kà á, òfìfo ni mo bá

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò. Mo ṣe `b = io.StringIO()`, mo pe `b.write("ojú ọ̀nà")`, àmọ́ `b.read()` ò fún mi ní nǹkan kan. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ò wọlé ni?

Ìdáhùn: Ó wọlé. Ibi tí ẹ ti ń kà á ni kò sí nǹkan. Inú mẹ́mọ́rì ni ohun gbogbo tí StringIO ní wà, kò dé orí dísìkì rárá, síbẹ̀ ìṣe fáìlì ló ń ṣe. Ó ní àmì kan tó ń tọ́ka sí ibi tí iṣẹ́ dé. Bí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ tán, àmì náà á ti sún dé ìparí rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni `read()` ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í wẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ pe `b.seek(0)`, kí àmì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ fẹ́, `b.getvalue()` ló dára jù, torí kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ibi tí àmì wà.

Ìbéèrè: Mo tún ṣe `io.StringIO("baba wa")`, mo wá kọ `"mama"` sí i. "mama wa" ló jáde! "baba" ńkọ́?

Ìdáhùn: Àmì yẹn náà ni. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi dá object náà (StringIO yín yẹn) kì í sún àmì kúrò ní òdo, nítorí náà lẹ́tà 4 tí ẹ kọ gorí lẹ́tà 4 àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi kún ìparí, `b.seek(0, 2)` ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. (Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ kankan bẹ̀rẹ̀ ẹ. Mo máa ń dá a lófìfo, kí n tó `write`.)

Ìbéèrè: Kí wá ni mo fẹ́ fi ṣe, nígbà tí `+` wà?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lẹ fẹ́ so pọ̀, ẹ lo `+`, ẹ máà da ara yín láàmú. Ìgbà tí kóòdù tí ẹ fẹ́ lò bá ní dandan fáìlì lòun ń bá ṣiṣẹ́ ni StringIO wúlò. `csv.writer`, tó ń kọ dátà sínú fáìlì CSV, kì í gba string (ọ̀rọ̀) lásán. Ohun tó bá ṣáà ti ní `write` ló ń wá. `print("ó tán", file=b)` náà rí bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó bèèrè irú object tó wà níwájú rẹ̀, bó bá ti lè dáhùn sí `write`, ó parí. Ìdí nìyí tó fi rọrùn láti dán iṣẹ́ yín wò láìdá fáìlì kankan sórí dísìkì.

Ìbéèrè: Èdè Java ńkọ́?

Ìdáhùn: `StringWriter` ni tiwọn, `toString()` ló sì ń kó ọ̀rọ̀ jáde. Ibi tí mo ti ń lò ó jù ni `e.printStackTrace(new PrintWriter(sw))`, tí mo bá fẹ́ kí àlàyé àṣìṣe di string. Ẹ ṣọ́ra fún `close()` o: ní Java, kò ṣe nǹkan kan fún StringWriter, àmọ́ ní Python, ó ń da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Ẹni tó bá pe `getvalue()` lẹ́yìn rẹ̀, àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní ValueError ló máa bá pàdé. Bí ẹ bá lo `with` ní Python, tó máa ń pe `close()` fúnra rẹ̀ ní ìparí, inú rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ yín kí ẹ tó jáde.