Kí ló dé tí áàpù tuntun Sonos fi bí àwọn oníbàárà rẹ̀ nínú tó bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Ta ni Sonos, kí sì ni áàpù ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ wọn?

Ìdáhùn: Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà ni, ní ìlú Santa Barbara ní ìpínlẹ̀ California. Ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Sípíkà tó ń lo Wi-Fi ilé ni wọ́n ń ṣe. O lè gbé ọ̀kan sí yàrá, ọ̀kan sí ilé ìdáná, ọ̀kan sí pálọ̀, kí orin kan náà máa dún nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ọjà wọn wọ́n: èyí tí wọ́n ń pè ní Arc, tí à ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, $899 ni wọ́n ń tà á ní ọdún 2024. Bọ́tìnnì ara àwọn sípíkà yìí kò tó nǹkan. Orí fóònù ni èèyàn ti ń yan orin, tó ti ń yan yàrá, tó sì ti ń to gbogbo ẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá da áàpù náà rú ti da sípíkà rú nìyẹn.

Ìbéèrè: Ṣé áàpù àtijọ́ kò dára ni wọ́n fi yí i padà?

Ìdáhùn: Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ti gbó. Ọdún lé ọdún ni wọ́n fi ń lẹ nǹkan tuntun mọ́ ọn, èèyàn á sì tẹ ibí tẹ ọ̀hún kó tó dé ibi tó ń lọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe dára lójú mi: ojú ìwé kan ṣoṣo tí wàá ti rí orin tí o gbọ́ kẹ́yìn, tí wàá ti wá orin, tí wàá sì fi ìka fa gbogbo yàrá ilé rẹ jáde láti ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, wọ́n ní Ace lọ́wọ́, ẹ̀rọ tí à ń fi sétí gbọ́ orin, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2024 ní $449. Áàpù tuntun ni Ace ń lò. Mo wà lára àwọn tó gbà pé ìkánjú Ace yìí ló jẹ́ kí wọ́n gbé áàpù náà jáde kó tó jinná.

Ìbéèrè: Kí ló wá bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2024, áàpù tuntun bọ́ sórí fóònù àwọn èèyàn, ó sì gba ipò ti àtijọ́. Kò sí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ọ̀pọ̀ sì wà tí kò mọ̀ rárá, torí fóònù wọn ló gba áàpù náà fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣí i, nǹkan ti dín. Ẹni tó ti to orin kalẹ̀ tẹ̀léra kò lè yọ ọ̀kan kúrò tàbí kó gbé ọ̀kan ṣáájú. Àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó orin tiwọn jọ sórí kọ̀ǹpútà ilé kò lè wá a látinú áàpù mọ́. Aago tó ń pa orin fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sùn lọ kò sí níbẹ̀. Sípíkà míì yóò pòórá lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ iná rẹ̀ ń tàn lórí tábìlì. Ìwọ á dín ohùn kù, kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀, o tún dín in kù, àfi kí méjèèjì dé pọ̀ kí orin sì dákẹ́ lójijì.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn afọ́jú. Lórí iPhone, ohun kan wà tó ń jẹ́ VoiceOver: bí ìka bá ṣe ń rìn lójú fóònù, fóònù á máa ka ohun tó wà lábẹ́ ìka náà sókè. Àmọ́ kò lè ka ohun tí ẹni tó kọ áàpù kò bá fún lórúkọ. «Bọ́tìnnì» nìkan ló máa sọ, èèyàn ò sì ní mọ̀ bóyá ti kí orin bẹ̀rẹ̀ ni àbí ti kí ó dúró. Àwọn tí kò ríran, tí wọ́n ti mọ áàpù àtijọ́ lámọ̀dunjú, ni wọ́n sọ di àlejò nínú ilé ara wọn. Wọ́n tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kó ti wà.

Ìbéèrè: Ṣé ohun tí àwọn díẹ̀ ń lò ló tó kí gbogbo ayé máa pariwo lé lórí?

Ìdáhùn: Ibi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ka iye ẹni tó ń lo nǹkan kan, wọ́n á rí i pé kò pọ̀, wọ́n á ní kó dúró ná. Ní tòótọ́, àwọn tó ń lo aago oorun lè má pọ̀, àwọn tó ń to orin lè má pọ̀, àwọn afọ́jú náà lè má pọ̀. Àmọ́ ro gbogbo wọn pọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí oníbàárà kan tí kò ní ohun kékeré kan tó fi ń lo áàpù yẹn lójoojúmọ́, tí kì í sì í ṣe ti ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn tó sì ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ra sípíkà mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n ń júwe Sonos fún ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò kàn dá ti àtijọ́ padà?

Ìdáhùn: Wọ́n gbèrò rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Patrick Spence tó jẹ́ ọ̀gá àgbà nígbà yẹn ṣàlàyé pé àwọn ti dán an wò, àwọn sì rí i pé yóò tún ba nǹkan jẹ́ sí i ni. Ìdí ni pé kì í ṣe ojú áàpù nìkan ni wọ́n yí padà. Wọ́n ti yí ohun tó wà nínú sípíkà fúnra rẹ̀ padà, àti àwọn kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà tó ń bá sípíkà sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Òrùlé àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri tó gbé e dúró ti kúrò.

Ìbéèrè: Kí ló ná wọn?

Ìdáhùn: Spence tọrọ àforíjì ní gbangba lóṣù keje. Wọ́n ní àtúnṣe náà yóò gba $20 mílíọ̀nù sí $30 mílíọ̀nù, wọ́n sún ọjà tuntun méjì síwájú, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ sì pàdánù iṣẹ́ lóṣù kẹjọ. Lóṣù kẹwàá, wọ́n fi ọdún kan kún àkókò tí wọ́n ṣèlérí láti fi máa tún ọ̀pọ̀ sípíkà wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá bàjẹ́ (wáráńtì), àwọn ọ̀gá sì ní àwọn ò ní gba owó ẹ̀bùn ọdún náà bí áàpù kò bá sàn sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Spence fi ipò sílẹ̀, Tom Conrad sì gbapò rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni wọn ì bá ti ṣe é?

Ìdáhùn: Bí àwọn fúnra wọn ti ṣe é rí. Ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn oníbàárà bínú pé wọ́n fẹ́ pa sípíkà àtijọ́ tì, Sonos pín áàpù sí méjì: S1 fún ti àtijọ́, S2 fún ti tuntun. Àwọn méjèèjì jọ wà lórí fóònù, kálukú sì ń lo èyí tó bá a mu. Ká ní wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2024, kí wọ́n gbé ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ S2, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ kí ògiri tó wó, aago oorun ì bá ti padà sípò kí ẹni tó ń fi orin sùn tó mọ̀ pé ó kúrò rí.