Ṣé àìbímọ ló pa ìjọ Shaker?
Bí wọ́n bá ti dárúkọ àwọn Shaker, ìjọ Kristẹni kan ní Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni màá gbọ́: "Wọn kì í gbéyàwó, wọn kì í bímọ, ìdí tí wọ́n fi run nìyẹn." Ó máa ń bí mi nínú. Lójú àwa Yorùbá, ilé tí kò lọ́mọ ti dahoro, ọ̀rọ̀ náà sì tètè ń wọ̀ wá létí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò.

Ní 1774, Ann Lee, olórí wọn, ọmọ alágbẹ̀dẹ láti Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e wọkọ̀ ojú omi láti Liverpool dé New York. Òfin wọn ni pé kí ọkùnrin àti obìnrin má bára wọn sùn. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1840, wọ́n ti tó nǹkan bíi 4,000, láti Maine títí dé Kentucky. Ta ló bí wọn?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń fò dá. Lọ́dún 1779, ìsọjí gba àwọn Baptist kan lọ́kàn ní New Lebanon, ní ìpínlẹ̀ New York. Nígbà tí wọn ò rí ìpadàbọ̀ Kristi tí wọ́n ń retí, wọ́n wá bá Ann Lee nítòsí Albany. Oníwàásù wọn, Joseph Meacham, ló kó ìjọ jọ sójú kan lẹ́yìn ikú Ann Lee ní 1784, tí ohun ìní gbogbo wọn fi di ọ̀kan. Ní 1805, wọ́n rán ọkùnrin mẹ́ta lọ sí Kentucky, níbi tí ìsọjí ti ń jó bí iná ọyẹ́.

Ọmọ náà wà. Ọmọ òrukàn, ọmọ tí òbí rẹ̀ ò rí oúnjẹ fún: òbí tàbí alágbàtọ́ á fọwọ́ sí ìwé láti fi í lé ìjọ lọ́wọ́, ìjọ á tọ́ ọ, á kọ́ ọ níṣẹ́. Ilé tó ń dàgbà sí ní ẹnu ọ̀nà méjì àti àtẹ̀gùn méjì, ọ̀kan fún arákùnrin, ọ̀kan fún arábìnrin. Irúgbìn inú ọgbà ni wọ́n ń dì sínú àpò bébà pélébé láti tà. Tó bá pé ọmọ ọdún 21, òun fúnra rẹ̀ ló máa yàn bóyá òun á dúró. Ọ̀pọ̀ ló lọ.

Níbẹ̀ ni mo rò pé ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń sanwó nílùú, ilé ọmọ òrukàn ń pọ̀ sí i, iná ìsọjí sì ti rọlẹ̀. Mi ò ní àìbímọ ò lọ́wọ́ sí i: ìjọ tó ń bímọ ì bá rí ẹni dí àlàfo àwọn tó lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún "wọ́n run" yẹn pàápàá. Ní Sabbathday Lake, ní Maine, wọn ò pọ̀ rárá, àmọ́ wọ́n ṣì ń jọ́sìn, wọ́n sì ṣì ń gba ẹni tó bá fẹ́ wọlé.