"Yorubo" wo lẹ ń sọ gan-an?

Ó ti wá sú mi o. Èèyàn á kọ́ Sípáníìṣì fún oṣù méjì, wọ́n á ní ọkùnrin ni "-o", obìnrin ni "-a", ó bùṣe, ló bá lọ kọ "soy yorubo" (Yorùbá ni mí) sójú profáìlì ẹ̀. Lóòótọ́, ọkùnrin ni, àmọ́ kò sí nǹkan tó ń jẹ́ yorubo.

Ọmọ Nàìjíríà lọ́kùnrin ni "nigeriano", lóbìnrin ni "nigeriana", ìyẹn ò le, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n "-a" tó wà nídìí "yoruba" kì í ṣe ti obìnrin, bí orúkọ wa ṣe rí látilé náà ló ṣe débẹ̀. Un hombre yoruba (ọkùnrin), una mujer yoruba (obìnrin), tí wọ́n bá pọ̀ ó di yorubas, ó tán. Ará Bẹ́ljíọ̀mù náà ńkọ́? Belga lọ́kùnrin, belga lóbìnrin, ẹ ò ní rí belgo níbì kankan. Vietnamita (ará Vietnam), croata (ará Croatia), bákan náà ni. Ẹ máa ní olùkọ́ yín ló sọ bẹ́ẹ̀, ó dáa, tó bá jẹ́ òfin ni lóòótọ́, kí la fẹ́ ṣe estadounidense tí í ṣe ará Amẹ́ríkà, tí kò ní o tí kò ní a nídìí? Àwọn ará Kúbà tó ń pe àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ní lucumí, tọkùnrin tobìnrin ni, ẹnikẹ́ni ò sọ lucumío. Inglés (ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) sì ń di inglesa láìní "-o" kankan tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó wá kọ "nigerino" ní tiẹ̀, ó ti sọ ara ẹ̀ dará Niamey nìyẹn, torí orílẹ̀-èdè Niger nìyẹn wà fún.

Ṣá o, mi ò ní "-o" àti "-a" yẹn ò wúlò, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Kódà tí wọ́n bá bi yín ní "nacionalidad" (ọmọ orílẹ̀-èdè wo lẹ jẹ́) lórí fọ́ọ̀mù, ọkùnrin tó nírùngbọ̀n dáadáa lè kọ "nigeriana" síbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ nacionalidad, tí Sípáníìṣì kà sí obìnrin, ló ń bá rìn, kì í ṣe irùngbọ̀n. Àwọn kan ṣì ń kọ nigeriano síbẹ̀ náà, mi ò ní bá wọn jà.

Ẹ ṣọ́ fóònù yín náà, ó máa ń fi létà ńlá bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ báyìí fúnra ẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, létà kékeré ni Sípáníìṣì ń lò fún un. Tó bá wá rú yín lójú pátápátá, ẹ kọ "soy de Nigeria" (Nàìjíríà ni mo ti wá), kẹ́ ẹ sá lọ.