Data Envelopment Analysis

Data Envelopment Analysis, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní DEA, jẹ́ ọ̀nà ìṣirò kan nínú ìmọ̀ operations research (ìmọ̀ tó ń fi ìṣirò wá bí a ṣe lè ṣe iṣẹ́ lọ́nà tó dára jù) tí wọ́n fi ń wọn ìjáfáfá àwọn ẹ̀ka tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà: ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ẹ̀ka báńkì, èbúté, iléeṣẹ́ tó ń pín iná mọ̀nàmọ́ná. Ohun tí ìjáfáfá túmọ̀ sí níbí ni bí ohun tí ẹ̀ka kan mú jáde ṣe tó sí ohun tó ná lé e lórí, yálà òṣìṣẹ́ ni, owó ni, tàbí ẹ̀rọ. DEA kì í ti ìta gbé òdiwọ̀n wá. Àwọn ojúgbà ẹ̀ka náà tó ń ṣe dáadáa jù ló fi ń wọ̀n ọ́n. Abraham Charnes, William W. Cooper àti Edwardo Rhodes ló gbé e jáde lọ́dún 1978 nínú European Journal of Operational Research.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ìmọ̀ operations research gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ológun pe àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti bá wọn wo bí wọ́n ṣe lè fi ọkọ̀ àti ohun ìjà tó wà nílẹ̀ ṣe púpọ̀ sí i. Lẹ́yìn ogun, ó wọ iléeṣẹ́ àti yunifásítì. Lọ́dún 1947 ni George Dantzig ṣe ọ̀nà simplex ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi ń yanjú linear programming, ìyẹn ìṣirò tó ń wá iye tó dára jù lọ nígbà tí àwọn ìdíwọ́ kan wà tí a kò lè kọjá. Charnes àti Cooper wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìṣirò yìí lọ síbi iṣẹ́: lọ́dún 1952, àwọn àti ẹnì kẹta tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí wọ́n ṣe lè po epo ọkọ̀ òfuurufú pọ̀.

Ìpìlẹ̀ mìíràn tí DEA dúró lé ni àpilẹ̀kọ tí M. J. Farrell, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Cambridge, tẹ̀ jáde lọ́dún 1957. Àwọn ènìyàn máa ń pín ohun tí iléeṣẹ́ mú jáde sí iye òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì pe èsì náà ní ìjáfáfá. Farrell fi hàn pé irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń fi ilẹ̀, ẹ̀rọ àti owó sílẹ̀ láìkà wọ́n. Ohun tó dábàá ni pé kí a kó gbogbo ẹ̀ka tí a rí jọ, kí a fa ààlà kan gba ara àwọn tó dára jù nínú wọn kọjá, kí a wá wo bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ààlà náà tó. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ 48 ní Amẹ́ríkà ló fi dán an wò.

Rhodes àti ilé ẹ̀kọ́ 70

Fún nǹkan bí ogún ọdún, ìwọ̀nba ènìyàn ló tẹ̀lé ọ̀nà Farrell. Rhodes ló gbé e padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé ni ní Yunifásítì Carnegie Mellon, Cooper sì ni olùdarí rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ni Program Follow Through, ètò tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 láti ran àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìdílé wọn kò rí já jẹ lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ọmọ ìran Hispanic. Ìbéèrè náà ni pé ṣé àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú ètò yìí ń ṣe dáadáa ju àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ.

Ilé ẹ̀kọ́ 70 ló wà nínú àkọsílẹ̀ náà: 49 wà nínú ètò, 21 kò sí níbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kà sí èso, èyíinì ni ìwé kíkà, ìṣirò, àti bí ọmọ ṣe ka ara rẹ̀ sí. Márùn-ún ni ohun tó wọlé: ìwé tí ìyá ọmọ kà dé, iṣẹ́ tó ga jù lọ nínú ìdílé, bí òbí ṣe ń wá sí ilé ẹ̀kọ́ sí, bí òbí ṣe ń jókòó ti ọmọ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sí, àti iye olùkọ́. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ná iyì ara ẹni ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ iye máàkì ìṣirò tó bá a dọ́gba. Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà ìṣirò àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ṣùgbọ́n èsì wọn kò tẹ́ wọn lọ́rùn, òmíràn kò tiẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ìgbà náà ni Rhodes mú àpilẹ̀kọ Farrell wá fún Cooper. Ọ̀dọ̀ Charnes àti Cooper ni ìṣirò tó kù ti wá: láti 1962 ni wọ́n ti fi hàn bí a ṣe lè sọ ìpín tí ohun àìmọ̀ wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ di linear programming lásán.

Lọ́dún 1981 àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde nínú Management Science. Wọ́n ya àléébù ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àléébù ètò. Wọ́n kọ́kọ́ wọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láàrin ẹgbẹ́ tirẹ̀, wọ́n gbé gbogbo wọn dé ààlà ẹgbẹ́ wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fi ààlà méjèèjì wéra. Bí wọ́n ṣe ṣe é yìí, ọ̀gá tí kò mọ iṣẹ́ kò lè ba orúkọ ètò rere jẹ́, ètò tó dára kò sì lè bo àṣìṣe ọ̀gá mọ́lẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nígbà tí ohun tó wọlé bá ju ẹyọ kan lọ, a ní láti mọ èyí tó wúwo jù nínú wọn. DEA kì í yan ìwúwo kan ṣoṣo fún gbogbo ẹ̀ka. Ó ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara rẹ̀ mú ìwúwo tó máa gbé máàkì rẹ̀ (ìyẹn àpapọ̀ èso rẹ̀ pín sí àpapọ̀ ohun tó wọlé, lẹ́yìn tí a ti fi ìwúwo sí wọn) ga jù lọ, ṣùgbọ́n tí a bá fi ìwúwo yẹn kan náà wọn àwọn yòókù, kò gbọ́dọ̀ sí èyí tí máàkì rẹ̀ máa ju 1 lọ. Ẹ̀ka tó bá dé 1 wà lórí ààlà. Èyí tí kò dé 1 kò ní àwíjàre pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló yan òdiwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ibí yìí ni agbára ọ̀nà náà wà.

Ká ní ilé ìwòsàn márùn-ún wà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ A, B, D, E àti Ẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́jú 100 aláìsàn lójúmọ́. Ilé ìwòsàn A ní dókítà 2 àti nọ́ọ̀sì 8. B ní dókítà 4 àti nọ́ọ̀sì 4. D ní dókítà 10 àti nọ́ọ̀sì 3. E ní dókítà 4 àti nọ́ọ̀sì 8. Ilé ìwòsàn Ẹ ní dókítà 2 àti nọ́ọ̀sì 10.

Ẹ jẹ́ ká mú E. Tí a bá mú ìdajì A àti ìdajì B, tí a pa wọ́n pọ̀, dókítà 3 àti nọ́ọ̀sì 6 ni a máa ní, wọ́n á sì tọ́jú 100 aláìsàn. Dókítà 4 àti nọ́ọ̀sì 8 ni E ń lò fún iṣẹ́ kan náà. 3 nínú 4 jẹ́ 0.75, 6 nínú 8 náà sì jẹ́ 0.75, nítorí náà máàkì E ni 0.75. Ìwúwo tó dára jù fún E ni kí dókítà kan wúwo tó nọ́ọ̀sì méjì: lábẹ́ rẹ̀, àpapọ̀ ohun tí ilé ìwòsàn A ń lò jẹ́ 12, ti B jẹ́ 12, ti E jẹ́ 16, 12 nínú 16 sì tún jẹ́ 0.75. Ọ̀nà méjèèjì kì í já ara wọn nírọ́, linear programming ló so wọ́n pọ̀. Fún ẹni tó ń darí E, ohun tó wúlò jù nínú èsì yìí ni pé ó ti mọ àwòkọ́ṣe rẹ̀: A àti B ni kó lọ wò, kì í ṣe D.

D gba 1, ṣùgbọ́n kìkì nítorí pé nọ́ọ̀sì rẹ̀ ló kéré jù, tó sì yan ìwúwo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ka dókítà sí rárá. Tí a bá fi òfin sí i pé dókítà kan kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju nọ́ọ̀sì kan lọ, D máa wálẹ̀ sí nǹkan bí 0.62. Ilé ìwòsàn Ẹ náà gba 1, nítorí kò sí ẹni tí dókítà rẹ̀ kéré sí 2, síbẹ̀ ilé ìwòsàn A ń fi nọ́ọ̀sì méjì dín ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi wo máàkì nìkan, wọ́n máa ń wo ohun tó ṣẹ́kù pẹ̀lú, ìyẹn ohun tí ẹ̀ka kan ṣì lè dín kù láìdín èso rẹ̀ kù, bí nọ́ọ̀sì méjì yìí.

Àwọn àfikún

Ìṣirò ọdún 1978 gbà pé tí a bá sọ ohun tó wọlé di ìlọ́po méjì, èso náà á di ìlọ́po méjì. Lọ́dún 1984, Banker, Charnes àti Cooper mú àdéhùn yìí kúrò, kí wọ́n má bàa fi ilé ìwòsàn kékeré wé ti ìlú ńlá. Andersen àti Petersen ṣe ọ̀nà láti to àwọn tó gba 1 tẹ̀lé ara wọn lọ́dún 1993. Kaoru Tone náà gbé ìwọ̀n tó ka ohun tó ṣẹ́kù mọ́ máàkì jáde lọ́dún 2001.

Ààlà ìlò rẹ̀

Àṣìṣe kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ lè sọ ẹ̀ka kan di àwòkọ́ṣe tí kò tọ́ sí i, kó sì fa gbogbo àwọn yòókù sẹ́yìn. Stochastic frontier analysis, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wọn ìjáfáfá tó jáde lọ́dún 1977, ń fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí a ti mọ irú ìdọ́gba tó so èso mọ́ ohun tó wọlé. Láti 1998 ni Simar àti Wilson ti fi ọ̀nà bootstrap (ṣíṣe ìṣirò náà léraléra lórí àkọsílẹ̀ tí a tún ṣà láti inú ti àkọ́kọ́) kún DEA kí a lè mọ bí máàkì ṣe ṣeé gbára lé tó. Ohun tó tún yẹ kí a ṣọ́ ni iye ẹ̀ka: tí ohun tí a ń wọ̀n bá pọ̀, tí ẹ̀ka sì kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn á gba 1. Ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé àṣà pé kí ẹ̀ka tó ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ ohun tó wọlé àti èso.

Nínú ìpinnu

Ní Texas, àpilẹ̀kọ kan tó jáde lọ́dún 1986 lo DEA láti fi wo ibi tí wọ́n lè kọ́ ilé ìwádìí ńlá fún ìmọ̀ físíìsì sí. Inú rẹ̀ ni àṣà fífi òfin de ìwúwo ti gbilẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni àwọn aláṣẹ Norway ti ń lò ó láti pinnu iye tí iléeṣẹ́ tó ń pín iná lè gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Jámánì bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2009. DEA àti stochastic frontier analysis ni wọ́n ń lò pọ̀ níbẹ̀. Tí èsì wọn bá yàtọ̀, èyí tó sàn fún iléeṣẹ́ náà jù ni wọ́n ń mú, wọn kì í sì ka ìjáfáfá iléeṣẹ́ kankan sí ohun tó kéré sí 60 nínú 100.

Ní Nàìjíríà, orí báńkì àti èbúté ni àwọn olùwádìí ti lò ó, pàápàá lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ gbé owó ìdókòwò tí báńkì gbọ́dọ̀ ní dé bílíọ̀nù 25 náírà, tí báńkì 89 sì di 25 ní ìparí 2005. Ohun tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni owó tí oníbàárà fi pamọ́. Àwọn tó tẹ̀lé Sealey àti Lindley, tí wọ́n kọ̀wé lọ́dún 1977, kà á sí ohun tó wọlé, nítorí òun ni báńkì fi ń yáni lówó. Àwọn mìíràn kà á sí èso, nítorí ìtọ́jú owó ni iṣẹ́ tí oníbàárà wá gbà. Báńkì kan náà lè wà lórí ààlà nínú ìwádìí kan, kó sì jìnnà sí i nínú èkejì, nígbà tó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì lò.