Ẹ So Pẹpẹ Mọ́ Ògiri Kí Ọmọ Tó Bẹ̀rẹ̀ Sí í Rá

Láti ìgbà tí òjò ti dá, ilé ìyá ìkókó mẹ́rin ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí ní Adó-Èkìtì, ohun kan náà ni mo sì ń bá níbẹ̀. Àyè ò sí mọ́, páńpáàsì wà lórí àga, aṣọ ọmọ kún inú báàfù. Bàbá ọmọ bá ra pákó, ó kàn án pọ̀, ó gbé e ti ògiri. Gbígbé tó gbé e tì yẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Mi ò ní pẹ́ lórí bí a ṣe ń gé pákó. Ẹ ra èyí tó ti gbẹ, ẹ má ra àràbà, ẹ fi sáńpépà fá etí rẹ̀ kó dán. Ẹ má fi epo ẹ́ńjìnnì dúdú pa á nítorí ikán, torí ọmọ tó ń hu eyín á gé e jẹ.

Ọ̀rọ̀ ògiri ló kù. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án á di ohunkóhun tó bá rí mú kó lè dìde. Bó bá rí dúrọ́ọ̀, á fà á jáde, á gùn ún. Ọmọ náà lè má wúwo, ṣùgbọ́n iwájú ni ìwúwo rẹ̀ bọ́ sí, kò sì sí ẹsẹ̀ tó gbé iwájú dúró. Bí ẹ bá tún lọ kó agolo mílíìkì àti ìkòkò sókè, gbogbo rẹ̀ á dojú dé lé e lórí. Ẹ má rò pé iṣẹ́ àwa káfíńtà Èkìtì nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2016, IKEA, iléeṣẹ́ ńlá òyìnbó tó ń ta àga àti àpótí, ní kí àwọn ará Amẹ́ríkà dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 29 àpótí onídúrọ́ọ̀ padà, torí pé àwọn tí wọn kò dè mọ́ ògiri ti wó pa ọmọdé.

Bí a ṣe ń dè é nìyí. Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn pẹpẹ lókè. Ẹ fi dírílì lu ihò gba inú igi náà wọ ògiri, ẹ ki fíṣà, ìyẹn ike kékeré tó ń di síkúrù mú, bọ ihò ògiri, kí ẹ tó yí síkúrù sí i. Ó kéré tán, ojú méjì. Síkúrù gbọ́dọ̀ kọjá pílásítà, kó wọ inú búlọ́ọ̀kù ní íǹṣì kan ààbọ̀. Pílásítà ò lè di nǹkan kan mú. Ẹ fi èékánná họ ọ́, ẹ ó rí iyanrìn tó ń dà. Ihò wà nínú búlọ́ọ̀kù wa. Bí dírílì bá já sí òfìfo, tí fíṣà sì kàn ń yí, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ ó fi kan ibi tó dì. Ẹ má lu òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà máa ń gba ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé alámọ̀ ni, ẹ má kan pẹpẹ gíga rárá. Ẹ kan èyí tó fẹ̀, tí kò ga kọjá orúnkún.

Àwọn tó ń fi ìṣó kọ́ńkéré ṣe é, tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ lé wọn jáde. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìkẹ́rẹ́ kí n tó gbòmìnira, pẹpẹ tí mo bá sì dè kì í wó.

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, pẹpẹ alájà márùn-ún kan wó ní Baṣírí. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ọmọ wà, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, màmá àgbà ti ní ayé ló ń bá ọmọ jà, wọ́n ti wọ́n omi àdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Mo gbé pẹpẹ náà sókè. Ìṣó méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n nà gbọnrangandan bí ìgbà tí wọ́n rà wọ́n, pílásítà díẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo kó wọn sí màmá lọ́wọ́, mo ní, “Ẹ wò ó, Mọ̀ọ́mi, wọn ò dé búlọ́ọ̀kù.” Orí ẹní tí ọmọ máa ń sùn sí ni agolo mílíìkì tó ti tẹ̀ wà. Màmá wo agolo yẹn títí, wọn ò sọ̀rọ̀.

Síkúrù mẹ́rin ni mo fi dè é padà. Mo ní kí bàbá ọmọ fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ó rọ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, pẹpẹ ò mì.