Amọ̀gangan ni, kì í ṣe ẹ̀rọ atọ́nà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ oko rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Yorùbá ló fi kọ ọ́, inú mi sì ń dùn títí mo fi dé ìlà kẹta. Ibẹ̀ ló ti kọ pé: "Mo gbé ẹ̀rọ atọ́nà mi jáde, mo sì gba ipò igun ilẹ̀ náà." Mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló bà á jẹ́ mọ́ mi lójú, ẹ̀bi ọmọ náà kọ́ sì ni. Àwa tí a ṣáájú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ la gbé wọn lé e lọ́wọ́.

Ohun tí ó ń sọ ni ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí àwa awọnlẹ̀, tí ẹ mọ̀ sí sọfíyọ̀, ń gbé lọ sóko báyìí. Ó ń gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, ó ń fi ìyẹn mọ ibi tí a dúró sí gan-an, wọ́n sì ti fi lésà sí i lórí kí a lè wọn ohun tí ẹsẹ̀ wa kò dé. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà, GLONASS ti Rọ́ṣíà, Galileo ti Yúróòpù, BeiDou ti Ṣáínà, gbogbo wọn ni ẹ̀rọ òde òní ń gbọ́ pa pọ̀. Èmi ò ní fi ìyàtọ̀ àárín wọn dá ẹnikẹ́ni dúró. Lóko, ẹni tó ni sátẹ́láìtì kò kàn wá, iye tí ẹ̀rọ ń gbọ́ ló kàn wá. Orúkọ ẹ̀rọ náà ló ká mi lára.

Ẹ jẹ́ ká mú "atọ́nà" ná. Awakọ̀ ló nílò atọ́nà. Ó ti Ìbàdàn bọ̀, kò mọ àdúgbò tí ilé àna rẹ̀ wà ní Sùúrùlérè, ẹ̀rọ inú fóònù ń wí fún un pé kí ó yà sọ́tùn-ún. Atọ́nà nìyẹn lóòótọ́. Awọnlẹ̀ ò béèrè ọ̀nà. Ó ti dé ibi tó ń lọ, orí bíkọ̀n, òpó kékeré tí a fi sàmì igun ilẹ̀, ló dúró sí, ohun tó sì fẹ́ mọ̀ ni ibi tí bíkọ̀n náà wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Bí a bá pe irinṣẹ́ méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo, àwọn èèyàn á máa rò pé fóònù awakọ̀ lè wọn ilẹ̀. Mo ti rí ẹni tó rò bẹ́ẹ̀, tó sì fi mọ ògiri. Orí ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni ògiri náà wà títí di òní.

"Ipò" ló tún burú jù. Ipò ni ohun tí àwọn ọmọ ọba ń dù. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa ṣe ipò kìíní. Àgbà ní ipò tirẹ̀ láwùjọ. Igun ilẹ̀ kò ní ipò kankan tí èèyàn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ GPS sí "Ètò Ìtọ́kasí Ipò Lágbàáyé" ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó wà níwájú, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ rọ́pò ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù kan tó ń ki òmíràn bọ̀ ọ́. Wọn ò dúró béèrè pé kí ni Yorùbá ń pe ibi tí ìka dé gan-an, tí kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, tí kò yẹ̀ sósì.

Báyìí kọ́ là ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ nílẹ̀ wa. Amúlétutù là ń pe èyí tó ń mú ilé tutù. Kò sẹ́ni tó pè é ní "aṣàkóso ìṣesí afẹ́fẹ́". Nígbà tí rédíò dé, àwọn bàbá wa tẹ́tí sí i, wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọ́n kọ́kọ́ wo ìṣe rẹ̀ ná. Láti ìgbà tí Herbert Macaulay ti kọ́ṣẹ́ ní Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó padà sí Èkó ní 1893 láti máa bójú tó ilẹ̀ ìjọba, ni Yorùbá ti wà nídìí iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ yìí. Ilé ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tó wà ní Ọ̀yọ́ lónìí, ti wà láti 1908. Iṣẹ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wa tó báyìí, ó yẹ kí irinṣẹ́ rẹ̀ ní orúkọ tí ìyá àgbà inú abà lè pè láìkọsẹ̀.

Inú abà gan-an ni mo ti rí orúkọ tí mo mú wá. A ń wọn oko kòkó kan, àwọn ẹbí méjì ń jà sí ààlà. Pẹrẹgún ni àwọn àgbà fi pààlà níbẹ̀ láyé àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn pẹrẹgún náà ti kú, kùkùté rẹ̀ ló ṣẹ́kù, abẹ́ ìbòòji kòkó ló sì wà. Lábẹ́ ewé tó ki bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kì í gbọ́ sátẹ́láìtì dáadáa. Mo jáde sí gbangba lẹ́bàá ọ̀nà oko, mo dúró, mo tan lésà, àmì pupa kékeré sì bọ́ sórí kùkùté náà. Bàbá tó mú wa wọ oko wo àmì náà, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ mi, ó ní: "Sọfíyọ̀, ọmọ mi, bí wọ́n bá hú kùkùté yìí lọ́la, ṣé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí á ṣì mọ ọ̀gangan ibi tó wà?" Mo ní, "Á mọ̀ ọ́n, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀gangan! Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wa látilẹ̀, a sì ń wá a kiri inú ìwé. Bí ẹnìkan bá dúró ní ọ̀gangan ibi tí òkúta bọ́ sí, kò sí ní ìtòsí rẹ̀, kò sí ní agbègbè rẹ̀, orí ibẹ̀ gan-an ló wà. Ohun tí awọnlẹ̀ ń wá nìyẹn, kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó mọ ọ̀gangan, amọ̀gangan ni.

Àwọn kan ti bá mi jà lórí rẹ̀. Ẹnìkan ní etí òun ń gbọ́ ìlù gángan nínú rẹ̀. Ohùn òkè ló bẹ̀rẹ̀ gángan, ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀gangan, ẹni tí kò bá sì lè ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ yẹ kó mú ẹnu bà. Ẹlòmíràn ní ẹ̀rọ ò lọ́kàn, kò lè "mọ̀" nǹkan. Rédíò náà ò lẹ́nu, ó sì ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ní ká fi í sílẹ̀ ní GPS bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Àmọ́ GPS jẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà nìkan. Ẹni tó bá ń pe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ Galileo àti BeiDou ní GPS dà bí ẹni tó ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo: a gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ ọ́ di orúkọ.

Ó ku lésà orí rẹ̀. Lésà fúnra rẹ̀, mi ò bá a jà. Ó ti wọlé bí mọ́tò àti bẹ́ńtírò ṣe wọlé. "Ẹ̀rọ amọ̀lára" tí wọ́n fi ń pe sẹ́ńsọ̀, ohun inú ẹ̀rọ tó ń gba àmì láti òde, ni mi ò gbà. Ara ló ń mọ òtútù, ara ló ń mọ ìrora. Èyí tó wà lórí amọ̀gangan ń ju ìmọ́lẹ̀ síta, ìmọ́lẹ̀ náà kọ lu nǹkan, ó padà, ẹ̀rọ sì fi àkókò àlọ àti àbọ̀ mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ni mò ń pè é. Ọ̀pá ni Yorùbá fi ń wọn nǹkan látijọ́. Ọ̀pá la ṣì fi ń ra áńkárá. Àwa awọnlẹ̀ náà ní ọ̀pá tiwa, èyí tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun tí a ń gún mọ́lẹ̀. Ẹ kàn má so ó pọ̀ di "amọ̀gangan ọlọ́pàá", kí ará abà má baà rò pé agbófinró ló dé. Amọ̀gangan tó ní ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ wí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le fún ẹni tó bá ti fi gọ̀gọ̀ já mángòrò rí. Mángòrò pọ́n sókè, ìjàlọ kún ara igi, ẹ ò lè gùn ún. Ẹ dúró nísàlẹ̀, ẹ na gọ̀gọ̀ sókè. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ibi tí ẹnu gọ̀gọ̀ yóò dé: ibi tí ẹsẹ̀ yín wà, bí gọ̀gọ̀ ṣe gùn tó, àti ibi tí ọwọ́ yín dojú rẹ̀ kọ. Ẹni tó bá mọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè di ojú, kó sì sọ ibi tí mángòrò wà.

Sátẹ́láìtì ló ń bá wa mọ ẹsẹ̀. Àwọn ti GPS ń yípo lókè ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà. Ohùn wọn ń sáré bí ìmọ́lẹ̀, nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń gbé àkókò tó gbéra dání. Ẹ̀rọ yọ àkókò tó gbéra kúrò nínú àkókò tó dé, ó fi mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà. Mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ gbọ́, ó kéré tán, nítorí aago inú rẹ̀ kò péye bíi tiwọn, ìkẹrin ló ń bá a tún aago ṣe. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ ló ń wọn gígùn gọ̀gọ̀. Kọ́ńpáàsì inú ẹ̀rọ àti èyí tó ń mọ bó ṣe fì sókè tàbí sísàlẹ̀ ló ń sọ ti ọwọ́.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n ń wo gígùn gọ̀gọ̀ nìkan. Ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ lè wọn 30 mítà láìṣì ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo iṣẹ́ náà péye dé sẹ̀ǹtímítà. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Amọ̀gangan àfọwọ́mú tó ń dá gbọ́ sátẹ́láìtì, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ gbangba, lè fi mítà 3 sí 5 ṣìṣe. Pulọ́ọ̀tì 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 18 lọ. Ẹni tó bá fi mítà 4 ṣì í ti kó ilé ìdáná ẹlòmíràn wọ inú ìwé oníbàárà rẹ̀. A ní láti gbé ẹ̀rọ kejì ka orí pílà tí a ti mọ ọ̀gangan rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó máa rí bí ohùn sátẹ́láìtì ṣe ń ṣì, kí ó sì máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ti ọwọ́ wa. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ wa yóò péye dé sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, níbi tí ìbòòji àti òrùlé páànù kò bá ti dí i lọ́wọ́.

Ọwọ́ ló sì ń tan èèyàn jù. Bí ìdojúkọ bá fi dígírì kan péré ṣì, ní mítà 10, ẹnu gọ̀gọ̀ yóò yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 17. Ní mítà 50, á yẹ̀ ní 87. Kọ́ńpáàsì kì í sì í gbádùn irin: ọkọ̀ tó dúró nítòsí ń fà á, òrùlé páànù ń fà á. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti ààlà, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ rárá. Mo máa ń dúró ní ọ̀gangan méjì tó jìnnà síra, kí n na ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ láti ibi méjèèjì sórí nǹkan kan náà. Gígùn méjì láti ọ̀gangan méjì ń pàdé níbi kan ṣoṣo ní ẹ̀gbẹ́ tí mo dojú kọ, kọ́ńpáàsì ò sì ní ohun tí yóò bà jẹ́ níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ kì í mọ ohun tí a fẹ́, ohun tó bá kọ́kọ́ pàdé ló ń wọ̀n. Ewé ẹ̀gẹ́ kan tí atẹ́gùn gbé wá sójú ọ̀nà ti tó. Omi àti gíláàsì ń jẹ́ kó kọjá tàbí kó ta sí ibòmíràn. Lọ́sàn-án gangan, ojú kì í rí àmì pupa náà mọ́. Ọmọ iṣẹ́ ní láti di pátákó funfun mú síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan án sójú ẹnìkejì.

Ohun kan tún wà tí mo ti rí tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Àwọn ìwé sọ́fè àtijọ́ wa, láti orí pílà ìwọnlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní L40, ní Minna, ni wọ́n ti ṣírò àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ọ̀gangan igun ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn nìyẹn. Sátẹ́láìtì ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Ní ẹkùn wa, nọ́ńbà kan náà lórí ìpìlẹ̀ méjèèjì lè fi nǹkan bí 100 mítà jìnnà síra. Ọ̀dọ́kùnrin kan á ka nọ́ńbà inú ìwé bàbá rẹ̀, á gbé amọ̀gangan lọ síbẹ̀, á bá ara rẹ̀ nínú oko ẹlòmíràn, á sì gbà pé wọ́n ti gba ilẹ̀ ẹbí òun. Ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ wà níbi tó wà. Kí ó kọ́kọ́ bi sọfíyọ̀ tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún pé orí ìpìlẹ̀ wo ni ìwé náà dúró lé.

Ní ti kùkùté pẹrẹgún yẹn, èèyàn mélòó kan bi mí pé kí ni mo kọ sílẹ̀. Mo kọ ọ̀gangan méjì tí mo dúró sí, mo kọ ìpìlẹ̀ wọn, mo kọ gígùn ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ láti ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ẹ̀gbẹ́ tí mo dojú kọ, mo sì kọ ọ́ ní Yorùbá nísàlẹ̀ pé: "Kùkùté pẹrẹgún, lábẹ́ ìbòòji kòkó, a kò gbé amọ̀gangan dé orí rẹ̀." Bàbá ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún ìlà tó gbẹ̀yìn kà kí àwọn ẹbí kejì lè gbọ́ ọ dáadáa, mo sì tún un kà.